Olówòkéré Tó Ń Yan Iyanrìn

Ẹgbẹ̀ta náírà ni Olówòkéré jẹ mí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ojú owó ìsinsìnyí wò ó. Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ yí àwọ̀ owó padà nígbà náà, ọkọ̀ asáré àwọn elépo rọ̀bì ń fò kọjá lójú omi níwájú Ugbonla, ìletò wa létíkun, bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó, ẹgbẹ̀ta náírà sì lè ra ẹ́ńjìnnì àlòkù tó ṣì ń ké dáadáa.

Pákó ni mò ń tà létí omi, mo sì ní ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan tó ń kó èrò láti Ugbonla lọ sí Igbókòdá. Orúkọ àkọ́bí mi ni wọ́n fi ń pè mí, Bàbá Ọlọ́lá. N kì í fi ojú àánú yá ènìyàn lówó. Kí owó mi tó jáde nílé, mo ti mọ ọ̀nà tí yóò gbà padà. Ti Olówòkéré nìkan ló gba ìsàlẹ̀ omi wá bá mi, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kọ ìtàn ọkùnrin náà sílẹ̀.

Ọmọ Ugbonla gidi ni, ṣùgbọ́n kò pa ẹja rí. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń da àwọ̀n, ó gba òkè lọ, ó rí iṣẹ́ sí iléeṣẹ́ irin ńlá kan, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n fi owó epo kọ́. Níbẹ̀, wọ́n ń yọ́ àlòkù irin bí ẹni ń yọ́ òrí. Ibi tó gbóná jù ni wọ́n fi Olówòkéré sí: ibi tí wọ́n ti ń gbé irin yíyọ́ wá nínú garawa kan tó tóbi ju yàrá lọ, tí wọ́n á sì dà á sínú ẹ̀rọ tí yóò sọ ọ́ di ọ̀pá gbọọrọ.

Ó máa ń sọ fún wa pé ohun tó lè pa ènìyàn níbẹ̀ pọ̀ ju ohun tó lè bọ́ ọ lọ. Garawa lè yọ lórí ìwọ̀ tó gbé e. Aṣọ ọ̀rá lè yọ́ mọ́ ènìyàn lára kó má ṣeé bó mọ́. Agolo kan tí a dé pa lè wà láàárín àlòkù irin, bó bá wọ inú iná tán, yóò bú bí àgbá. Ṣùgbọ́n ó ní gbogbo ìwọ̀nyí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi. Bí irin yíyọ́ bá sùn lé omi lórí, ì báà ṣe ìrì lásán tó wà lára ọ̀pá, omi yẹn yóò di ooru lójú ẹsẹ̀, kò ní rí ibi gbà jáde, yóò sì tú irin náà ká bí ìgbà tí wọ́n yin ìbọn. Ọ̀gá wọn kan kórìíra omi débi pé ó máa ń ní kí wọ́n nu òógùn ojú wọn kí wọ́n tó wọlé, inú ilé náà sì gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ti tún tutù kí wọ́n tó ju aṣọ ìnujú sílẹ̀.

Lẹ́yìn tí Olówòkéré ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ pé omi ni ọ̀tá, ó wá padà wá gbé Ugbonla, níbi tí omi wà níwájú ilé, tó wà lẹ́yìn ilé, tó wà lábẹ́ ilé, tó sì ń wọ yàrá wá kí ènìyàn lásìkò òjò.

Ohun tó gbé e padà wálé ni pé owó oṣù dáwọ́ dúró ní iléeṣẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n bi ọ̀gá pé kí ni wọ́n á mú lọ sílé, ó ní kí kálukú máa mú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Olówòkéré kì í fi ohun tirẹ̀ sílẹ̀. Ó wọ gbogbo rẹ̀ wálé.

Inú ọkọ̀ mi ló bá dé láti Igbókòdá. Ó dé ẹ́límẹ́ẹ̀tì pupa. Ó so awọ màlúù gígùn kan mọ́ àyà, awọ náà sì ní àpò níwájú. Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo bá wí jù, bàtà tí wọ́n fi irin sí níwájú àti lábẹ́, tó jẹ́ pé bó ṣe wọlé ni ọkọ̀ tẹ̀ sí apá ọ̀dọ̀ rẹ̀. Sàrátù, obìnrin tó ń gbé iyọ̀ àti ìṣáná kiri àwọn ìletò etíkun, jókòó lẹ́yìn rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni Sàrátù wí, “ogun ni ẹ ń lọ ni?”

“Ààbò ni,” ni Olówòkéré dáhùn. “Ẹsẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ń kọ́kọ́ pàdánù.”

“Bí ọkọ̀ yìí bá dojú dé, ẹsẹ̀ náà ni ẹ ó kọ́kọ́ fi dé ìsàlẹ̀. Ẹ bọ́ bàtà yẹn, ẹ fi lé orí ẹrù.”

“Bàtà yìí kì í kúrò lẹ́sẹ̀ mi lẹ́nu iṣẹ́.”

“Iṣẹ́ wo? Orí àpò iyọ̀ mi lẹ jókòó sí.”

Mo gba ìdajì owó ọkọ̀ lórí bàtà náà. Ó rò pé mò ń ṣeré, ṣùgbọ́n ó san án.

Kò pẹ́ tó wá bá mi ní ìsọ̀ pákó. “Ẹ̀gbọ́n,” ló wí, “pùròpẹ́là mélòó lẹ̀ ń rà lọ́dún?”

Ibi tó ń dùn mí ló tẹ̀ yẹn. Abẹ̀bẹ̀ tó ń yí lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, tó ń ti ọkọ̀ lọ, ni à ń pè ní pùròpẹ́là. Nígbà tí omi bá fà, kò sí ohun tí kì í bà á jẹ́: kùkùté igi, iyanrìn ẹnu òkun, páìpù tí ẹnì kan sọ nù. Ètè rẹ̀ á ṣẹ́, ọkọ̀ á sì máa gbọ̀n bí aláìsàn. Wàrì tàbí Èkó la ti ń rà á, iye tí wọ́n sì ń pè é níbẹ̀ kì í ṣe iye tí a ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ.

“Ìkòkò àlùmíníọ̀mù tó ti lu, písítìnnì tó ti kú, pùròpẹ́là tó ṣẹ́, mo lè yọ́ gbogbo wọn pọ̀,” ló wí, “kí n dà á sínú iyanrìn tí mo ti fi pùròpẹ́là gidi ya ojú sí. Yóò jáde bí ìbejì rẹ̀.”

“Kí ni èrè tèmi?”

“Èmi á san owó yín, pùròpẹ́là tiyín á sì jẹ́ ìdajì iye tí mo bá ń tà fún ẹlòmíràn.”

Mo ṣírò rẹ̀, ó wọlé. Mo fún un ní pákó àti páànù tí yóò fi kọ́ àgọ́ iṣẹ́, èédú, àti owó tí yóò fi ra àlòkù. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀ta náírà. Àdéhùn wa kò lọ́jú pọ̀: bí Kérésì bá dé tí kò tíì san, màá tú àgọ́ náà palẹ̀, màá sì kó pákó mi. Rhoda ìyàwó rẹ̀ náà ní àdéhùn tirẹ̀. Ọmọ Ìkálẹ̀ ni Rhoda, gàárì ló ń yan tà ní Ugbonla. Ó ní ọjọ́ tí mo bá tú àgọ́ ni òun náà á di ẹrù lọ sóko bàbá òun, ọkọ òun á sì tẹ̀ lé òun lọ kọ ebè ẹ̀gẹ́. Olówòkéré tí kò fẹ́ràn omi kò fẹ́ràn ọkọ́ rárá.

Ibi tí ilẹ̀ Ugbonla ti ga díẹ̀ ló kọ́ àgọ́ sí. Ó kó iyanrìn sí i títí ilẹ̀ fi gbẹ, ó mọ ojú iná, ó gbé ẹwìrì kalẹ̀ fún Rhoda láti máa fẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá ta okùn yí ibẹ̀ ká, ó so àkísà pupa mọ́ okùn, ó sì kéde òfin. Omi kò gbọdọ̀ kọjá okùn. Ẹsẹ̀ tútù kò gbọdọ̀ kọjá okùn. Ẹni tó wọ aṣọ ọ̀rá, kó dúró síta. Itọ́ pàápàá, kí oníkálukú gbé e mì.

Níbo lẹsẹ̀ gbígbẹ wà ní Ugbonla? Rhoda ní láti gbé àpò ìdọ̀họ kan síbi okùn kí àwọn ènìyàn máa fi nu ẹsẹ̀. Sàrátù wá wò ó.

“Ní mọ́ṣáláṣí tiwa,” ló wí, “a máa ń fọ ẹsẹ̀ ká tó wọlé. Ní tiyín, a máa ń nù ún. Ọlọ́run á bá wa ṣe é.”

Wàhálà gidi wà lára iyanrìn tí yóò fi ya ojú pùròpẹ́là. Iyanrìn etíkun kún fún iyọ̀, iyọ̀ sì máa ń fa omi padà. Olówòkéré a sá a sóòrùn lọ́sàn-án, bó bá fi máa di òwúrọ̀, ó ti tutù padà bí ẹni tí kò jáde. Ó kọ́kọ́ fi omi òjò fọ iyọ̀ rẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn náà, ohun kan ṣoṣo tó fẹ̀ tó, tó sì lè gba iná lábẹ́ ní gbogbo Ugbonla, ló fi yan án gbẹ.

Rhoda dé láti ibi tó ti lọ gba ẹ̀gẹ́ rírin lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀. “Bàbá Ísákì,” ló fi orúkọ ọmọ wọn pe ọkọ rẹ̀, “kí ni mò ń wò nínú agbada mi?”

“Iyanrìn ni.”

“Ojú mi kò fọ́. Kí ló ń ṣe níbẹ̀?”

“Ó ń gbẹ. Mo ti fi omi fọ̀ ọ́ tán.”

“Ẹ fi omi fọ̀ ọ́, ẹ tún wá ń yan án kí omi lè kúrò lára rẹ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ gan-an ni.”

“Ṣé ara yín le?”

Inú agbada ló ń wò, nítorí pé bí iyanrìn bá ti ń gbóná, ènìyàn kò gbọdọ̀ gbé ojú kúrò. Igbá tí Rhoda fi ń ro gàárì ló fi ń ro ó. Bó bá rò ó tán, á bu díẹ̀ sátẹ́lẹ́wọ́, á gbé e sétí, á gbọ̀n ọ́n kó lè gbọ́ bó ṣe ń dún. Kò sí ẹni tó kọjá tí kò dúró wò ó. Sàrátù tún dé, ó gbé kọ́ńgò dání.

“Eélòó ni kọ́ńgò kan?”

“Kì í ṣe títà.”

“Ó mà kúnná ju ti Ìyá Ísákì lọ. Ṣé ó máa ń wú nínú omi?”

“Sàrátù, gbé ẹsẹ̀ tútù yẹn kúrò nídìí okùn mi.”

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Alágbada. Rhoda ló jìyà rẹ̀. Bó ti wù kó fọ agbada tó, iyanrìn díẹ̀ ń ṣẹ́ kù síbẹ̀, gbogbo ẹni tó ra gàárì lọ́wọ́ rẹ̀ lásìkò náà ń jẹun bí ẹni tó ń rìn lórí òkúta wẹ́wẹ́. Àwọn oníbàárà rẹ̀ dínkù. Mo gbọ́, mo sì tún ìṣirò mi ṣe, nítorí pé owó gàárì yẹn ni mo ti fọkàn sí pé mo lè gbé ẹsẹ̀ lé bí pùròpẹ́là bá kọ̀ láti jáde.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà dára. Ó po iyanrìn yíyan pọ̀ mọ́ amọ̀ díẹ̀ àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú, kò sí ẹ̀kán omi níbẹ̀. Ó fi dánra wò lórí ọmọrí ìkòkò àti ìwọ̀ ìdákọ̀ró kékeré, wọ́n jáde bó ṣe yẹ. Ìròyìn rẹ̀ tàn dé ìlú ìjọ tó wà lápá ibòmíràn létíkun, ìlú àwọn onígbàgbọ́ tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀, tó ń pa owó pọ̀, tí ọkọ̀ gbogbo wọn sì jẹ́ ti gbogbo wọn. Ọkọ̀ wọn pọ̀, nítorí náà pùròpẹ́là wọn tó ti ṣẹ́ náà pọ̀. Wọ́n rán Alàgbà Èlíjà wá.

Ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn ni Alàgbà Èlíjà, ohùn rẹ̀ kò gòkè rí, kò sì sí ẹni tó rí i kó yára rí. Ó fẹ́ pùròpẹ́là mẹ́fà. Owó wọn yóò san gbèsè mi, yóò sì ṣẹ́ díẹ̀ kù sápò Olówòkéré. Ó ní òun á san án tán lọ́jọ́ tí òun bá rí i tó ń ti ọkọ̀ òun. Kérésì sì ti sún mọ́lé.

“Ohun kan ló kù,” ni Alàgbà wí. “Èmi fúnra mi á wá lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ dà á, láti fi omi kí i.”

Olówòkéré yí ojú sí mi. Mo mọ ohun tí Alàgbà ń sọ. Ní etíkun wa, ohun tí yóò wọ omi, omi ló ń kọ́kọ́ kí i. Ọkọ̀ tuntun ni o, àwọ̀n ni o, ẹ́ńjìnnì ni o, àgbà kan á bu omi sí i lórí lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí wọ́n tó mú un lọ. Èyí tí wọn kò bá fi omi kí, kò sí ẹni tí yóò jókòó sínú ọkọ̀ náà. Alàgbà Èlíjà kò sì ní í dúró dìgbà tí iṣẹ́ bá parí. Ó ní a kì í dúró kí ọmọ dàgbà ká tó kí i káàbọ̀. Iyanrìn tí wọ́n ti ya ojú pùròpẹ́là sí ló fẹ́ bu omi sí, kí irin tó wọ inú rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ó dé pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́ta àti abọ́ tánganran funfun tó kún fún omi dé etí. Nínú àgọ́, àlùmíníọ̀mù ti yọ́, ó ń dán bí ojú dígí, Rhoda ń fẹ́ ẹwìrì. Olówòkéré nìkan ló dúró nídìí okùn nínú gbogbo ìhámọ́ra rẹ̀, ó na apá méjèèjì.

“Bàbá, mo bẹ̀ yín. Bí ẹ̀kán kan bá wọ inú àpótí iyanrìn yẹn, gbogbo wa la máa lọ.”

“Sí ibo?” ni Alàgbà Èlíjà béèrè.

“Sókè.”

“Òkè náà la ń gbàdúrà pé ká lọ.”

“Kì í ṣe báyìí, bàbá.”

Alàgbà ronú sí i. “Ọmọ mi,” ló wí, “n kò lè gbé ohun tí omi kò kí lọ sílé. Àwọn ènìyàn mi kò ní gbé e mọ́ ọkọ̀. Bí o kò bá fẹ́, mi ò bínú. A ó máa lọ.” Ó sì yípadà lóòótọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí omi abọ́ má bàa dànù.

Mo fa Olówòkéré sí ẹ̀gbẹ́ kan. “Ẹ̀kán mẹ́ta péré,” ni mo wí fún un. “Fi ìka rẹ wọ́n ọn. Ẹgbẹ̀ta náírà mi ló wà nínú abọ́ yẹn.”

“Ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n bá wọ́n ọn, ẹgbẹ̀ta náírà yín ló máa kọ́kọ́ fò.”

“Nígbà náà, kí ni kí a ṣe? Ó ń lọ.”

Ó wo ẹ̀yìn bàbá náà, ó wo Rhoda tí òógùn bo ojú rẹ̀ nídìí ẹwìrì, tó ń wo òun náà. Ó pariwo pé, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró kí n fi ohun kan hàn yín. Bí ojú yín bá rí i tán tí ẹ ṣì fẹ́ bu omi sí i, èmi fúnra mi á bá yín gbé abọ́.”

Ó mú agolo mílíìkì kan, ó gbé e lọ sí etí omi, jìnnà sí àgọ́. Ó dá pákó mi méjì dúró níwájú rẹ̀ bí ògiri. Ó ní kí gbogbo wa sún sẹ́yìn, ó tún ní ká sún, a sì sún títí ẹ̀yìn wa fi kan etí afárá. Ó ti ìka bọ abọ́ Alàgbà, ó jẹ́ kí omi kán sínú agolo, ó da iyanrìn díẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ló fi ṣíbí ọlọ́wọ́ gígùn bu àlùmíníọ̀mù wá, ó dúró lẹ́yìn pákó, ó sì nawọ́ dà á.

Ohun tó dún kì í ṣe ohun tí mo lè fi lẹ́tà kọ. Agolo náà kò sí mọ́. Wẹ́wẹ́ irin rọ̀ sórí páànù àgọ́ bí òjò yìnyín. Nígbà tí mo tún ń wo ẹ̀gbẹ́ mi, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Alàgbà Èlíjà tí kì í yára ló kọ́kọ́ dé inú omi. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta tẹ̀ lé e. Èmi ni mo kẹ́yìn, nítorí mo kọ́kọ́ wò ó bóyá pákó mi ti fọ́. Ó fọ́.

A dúró sínú omi dé àyà. Abọ́ tánganran ń léfòó láàárín wa. Sàrátù ń wa ọkọ̀ kékeré rẹ̀ bọ̀ láti ọjà, ó dẹ àjẹ̀ dúró.

“Ẹ kú ìwẹ̀ o,” ló wí.

Olówòkéré yọjú lẹ́yìn pákó, ó gbé ẹ́límẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tọ́. Kò sí ohun tó ṣe é.

“Olówòkéré,” ni Alàgbà Èlíjà pè é, ohùn rẹ̀ kò gòkè.

“Bàbá.”

“Báwo ni omi tí o kán síbẹ̀ ṣe tó?”

“Kò tó omijé, bàbá.”

“Omi tí èmi gbé wá, abọ́ kan gbáko ni.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá.”

“O ṣé,” ni Alàgbà wí. Ó dì mọ́ òpó, ó gun afárá, omi ń ṣàn lára rẹ̀ bí ẹni tí òjò pa, ó sì forí lé okùn láti lọ wo bí wọ́n ṣe ń dà á. Olówòkéré tún na apá.

“Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ ti tutù.”

“Ìwọ lo jẹ́ kí n tutù.”

“Òfin ni, bàbá.”

Èmi náà tutù, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà tutù. Kò sí ẹnì kan tó lè wọlé nínú gbogbo ẹni tó ní owó tàbí ọ̀rọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ọkọ̀ Sàrátù la wọ̀, ó gba owó lọ́wọ́ wa, ó sì dúró níbi tí a ti lè rí inú àgọ́. Ibẹ̀ ni Alàgbà Èlíjà ti yanjú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ó jókòó, ó ń fún etí agbádá rẹ̀.

“Omi fẹ́ kí ẹnì kan lónìí,” ló wí, “ó sì ti kí àwa. Àwa náà la ó sì jókòó sínú ọkọ̀ tí irin yìí máa tì. Kò burú. Kó dà á.”

Olówòkéré dà á. Kò sí ariwo kankan. Irin náà wọ inú iyanrìn wẹ́rẹ́ bí ẹni ń da òróró sí ìgò, èéfín díẹ̀ sì yọ lójú ihò. Láàárín gbogbo ọdún tí mo ti mọ̀ ọ́n, ọjọ́ náà nìkan ni n kò rí ẹ̀rín lójú Sàrátù. Gbogbo wa ló ń mí bí ẹni tó ń gbé ẹyin. Nígbà tí irin náà tutù, tí Olówòkéré sì fọ́ iyanrìn, pùròpẹ́là jáde, ètè mẹ́ta gbáko. Olówòkéré gbé e wá sí etí omi pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, ó ní, “Ó ti tó, bàbá. Ẹ kí i wàyí.” Alàgbà bu omi sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pé ṣáájú Kérésì. Wọ́n gbé ọ̀kan mọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Alàgbà, a sì jáde lọ dán an wò: Alàgbà, èmi, àti Olówòkéré tó jókòó níwájú pẹ̀lú ẹ́límẹ́ẹ̀tì, awọ, ìbọ̀wọ́ àti bàtà, nítorí ó ní ẹnu iṣẹ́ ni òun ṣì wà. Ọkọ̀ náà lọ bí ọ̀bẹ nínú ọṣẹ, kò gbọ̀n. Alàgbà Èlíjà mú owó jáde, ogún-ogún náírà tuntun, ó kà á fún Olówòkéré. Olówòkéré ya ọgbọ̀n ewé tó jẹ́ tèmi sọ́tọ̀, ó fi gbogbo rẹ̀ sínú àpò awọ àyà rẹ̀, ó dì í ní bọ́tìnnì. Ó ní tí a bá dé èbúté ni òun á kà á fún mi níwájú Rhoda, kó lè rí i pé òun kò ní í kọ ebè.

A dé èbúté. Rhoda dúró lórí afárá. Inú Olówòkéré dùn púpọ̀, kò dúró kí a so ọkọ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sí afárá. Ọkọ̀ ṣe bí ọkọ̀ ṣe máa ń ṣe, ó sún sẹ́yìn.

Ọmọ Ugbonla ti mọ omi í wẹ̀ kó tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Ṣùgbọ́n bàtà yẹn kì í ṣe ọmọ Ugbonla. Olówòkéré kò lúwẹ̀ẹ́, kò ju apá, ó kàn lọ sísàlẹ̀ ní ìdúró. Ẹ́límẹ́ẹ̀tì pupa nìkan ló padà wá sókè.

“Mo sọ fún un,” ni Sàrátù wí láti inú ọkọ̀ rẹ̀.

Mo rí ẹgbẹ̀ta náírà mi tó ń rì, mo sì bẹ́ tẹ̀ lé e. Títí dòní làwọn ènìyàn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo gba ẹ̀mí ọmọnìkejì mi là, n kò sì bá wọn jiyàn. Nísàlẹ̀, ọwọ́ mi bà á níbi tó dúró sí bí òpó ilé, bàtà rẹ̀ ti rì sínú ẹrẹ̀, ó ń tú okùn bàtà pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ iléeṣẹ́ irin lọ́wọ́. Mo fà á yọ nínú bàtà náà bí ẹni fa ẹ̀gẹ́ tu. Àwọn ọkùnrin Alàgbà gbé wa sórí afárá.

“Bàtà mi,” ni Olówòkéré wí nígbà tó rí èémí.

“Owó mi,” ni mo wí.

Owó wà nínú àpò, ṣùgbọ́n ó ti rọ̀ bí ewé ẹ̀kọ. Sánmà ṣú lọ́jọ́ náà, kò sí oòrùn. Bí a bá gbé e kalẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra, báǹkì Igbókòdá kò sì ní í gbà á. Gbogbo wa ń wò ó. Rhoda kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó lọ sílé, ó dá iná, ó gbé agbada ka iná.

“Ìyá Ísákì,” ni Olówòkéré wí, “ẹ rọra. Iná kékeré.”

“Ẹ ti fi ohun yíyan kọ́ mi tó,” ló dáhùn.

Bó ṣe ń yan án nìyẹn, ogún náírà lẹ́yìn ogún náírà, ó ń fi igbá yí wọn padà. Wọ́n ń gbẹ, wọ́n ń ká etí, òórùn gàárì sì ń ta lára wọn. Sàrátù dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́ńgò rẹ̀.

“Èyí ńkọ́?” ló béèrè. “Ṣé èyí náà kì í ṣe títà?”

Ẹ̀rín pa Rhoda, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí iyanrìn ti wọ agbada rẹ̀. Ẹ̀rín náà ló ba nǹkan jẹ́. Kó tó rọjú dá ẹ̀rín dúró, ewé kan ti jóná dé ìdajì.

Ó ka owó mi sí mi lọ́wọ́ ní gbígbóná. Ó pé ọgbọ̀n, bí èyí tó jóná bá jẹ́ owó. Mo ní kì í ṣe owó. Mo ní kí Olówòkéré mú ogún náírà kan jáde nínú èyí tó kù sí i lọ́wọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, mo ti san án,” ló wí. “Inú agbada ló ti jóná. Ẹ bá ẹni tó yan án sọ̀rọ̀.”

“Owó ta ni ó wà nínú agbada?” ni Rhoda bi mí. “Ṣé ẹ ti gbà á ni? Ẹ kò tíì gbà á. Ta ló gbé e wọ omi? Bàtà. Ẹ lọ bá bàtà.”

Bàtà wà nísàlẹ̀ omi. Ó ṣì wà níbẹ̀.

N kò tú àgọ́. Olówòkéré ra bàtà mìíràn, ó sì fi òfin kan kún òfin okùn rẹ̀: omi kò gbọdọ̀ wọlé, bàtà kò gbọdọ̀ jáde. Ó kan ìṣó kan mọ́ òpó nídìí okùn, ibẹ̀ ló ń so bàtà rẹ̀ kọ́ tó bá ń bọ̀ síta, ó sì ń rìn lọ sílé láìwọ bàtà bí gbogbo wa. Rhoda ra agbada tuntun, ó sì fi èyí tó gbó sílẹ̀ fún iyanrìn. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń kọjá ní etíkun yìí láti ọjọ́ náà, pùròpẹ́là Alágbada ló ń tì wọ́n, tèmi náà wà lára wọn, ní ìdajì owó bí a ṣe ṣe àdéhùn.

Ewé tó jóná yẹn, ó fi ìṣó kàn án mọ́ òpó kan náà, lókè bàtà. Bí mo bá dé ibẹ̀, á nawọ́ sí i.

“Ẹ̀gbọ́n, owó yín rèé. Ẹ mú un.”

“Kì í ṣe owó.”

“Ẹ̀yin lẹ kọ̀ ọ́ o.”

Ogún náírà kò ra ìṣáná lọ́wọ́ Sàrátù mọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Olówòkéré ṣì jẹ mí ní ogún náírà.